Àyẹ̀wò irin inú ẹ̀jẹ̀ fún sárésáré: iṣẹ́ láàbù kan ní Súrùlérè

Láti ọdún 2016 tí Lagos City Marathon ti bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti di àsìkò tí ọjà máa ń yá fún àwọn tó ń tajà fún sárésáré ní Èkó, láti orí bàtà títí dé orí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń tà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níbí: àkójọ àyẹ̀wò tí láàbù kan ní Súrùlérè, tí kò jìnnà sí pápá ìṣeré ńlá ibẹ̀, ṣètò fún àwọn tó ń sá eré ọlọ́nà jíjìn. PCV, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, wà nínú rẹ̀, kíkà sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti hemoglobin, èròjà onírin inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara, wà níbẹ̀, ferritin náà sì wà níbẹ̀, èyí tó ń fi hàn bí irin tí ara kó pamọ́ ṣe pọ̀ tó. N kò ní dárúkọ láàbù náà, torí pé mi ò gbà pé àwọn nìkan ni wọ́n ní àléébù tí mo fẹ́ sọ. Ọwọ́ wọn mọ́, ẹ̀rọ wọn dára, èsì wọn sì tètè ń dé. Ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè ohun tí ara ẹni ti ṣe láti àná, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú abẹ́rẹ́.

Ibi tí ìyìn ti tọ́ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó gba ẹ̀jẹ̀ lára mi mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹ na ọwọ́ òsì yín sí mi." Ó fi rọ́bà di apá mi, ó fi ìka wá iṣan ẹ̀jẹ̀ kó tó mú abẹ́rẹ́, ó sì tú rọ́bà náà ní kété tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìgò kékeré méjì ló lò. Èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò ni ti PCV àti kíkà sẹ́ẹ̀lì, nítorí pé oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú rẹ̀. Èyí tí ìdérí rẹ̀ pupa ni ti ferritin, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ dì kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ yí i. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé kò mi ìgò aláwọ̀ àlùkò náà jìgìjìgì. Ṣe ló ń rọra dorí rẹ̀ kodò, tó tún ń gbé e dìde. Ẹni tó bá mi ẹ̀jẹ̀ jìgìjìgì, tàbí tó bá fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fà á tipátipá, yóò fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè á pọ́n, irin tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á dà sínú rẹ̀, èsì tí wọ́n bá sì kọ lẹ́yìn ìyẹn kò ní ṣeé gbára lé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ju ìgò ẹ̀jẹ̀ sínú báàgì bí ìgò ọtí, nítorí náà mo mọyì ìfarabalẹ̀ ọmọ náà.

Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe PCV ní fèrèsé onígíláàsì, wọn kì í sì í lé ẹni tó bá fẹ́ dúró wòran. Wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú òpó gíláàsì tín-ín-rín kan, wọ́n á fi nǹkan rírọ̀ dí ìdí rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ tó ń yí kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí wọ́n bá yọ ọ́ jáde, sẹ́ẹ̀lì pupa á ti kó jọ sí ìsàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ á wà lókè, wọ́n á wá wọn ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni pupa yẹn kó nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí PCV jẹ́ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí àwa tilẹ̀ máa ń pè é bí ẹni pé òun gan-an ni ẹ̀jẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa irin tí ara tọ́jú. Ènìyàn lè ní PCV tó dára kí irin ìpamọ́ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí pé inú ìpamọ́ ni ara ti ń kọ́kọ́ mú kó tó kan ẹ̀jẹ̀. Ferritin tí láàbù yìí fi kún àkójọ wọn ló mú kó sàn ju èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké ń ṣe lọ.

Ẹni tó bá wo òpó gíláàsì náà dáadáa yóò rí i pé ọ̀nà méjì ni PCV lè gbà lọ sílẹ̀: kí pupa dín, tàbí kí omi pọ̀. Èkejì yìí ni eré sísá àti ooru máa ń fà. Bí ènìyàn bá ń sá eré ọlọ́nà jíjìn déédéé, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fi ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá tún jẹ́ inú ooru ló ti ń sá a, ara á túbọ̀ kó omi sínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó lè rí èyí tí yóò fi làágùn, kó sì tún rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbé ooru láti inú iṣan lọ sí awọ ara. Àròpọ̀ hemoglobin rẹ̀ kò dín, ó tilẹ̀ lè ti pọ̀ sí i, síbẹ̀ ìwé èsì yóò sọ pé ó lọ sílẹ̀. Ọbẹ̀ ló ṣàn nítorí omi tí a bù lé e, ẹran inú ìkòkò kò dín. Àwọn oníṣègùn eré ìdárayá ti mọ èyí tipẹ́, wọn kì í sì í ka irú rẹ̀ sí àìsàn. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láàbù yìí kò mọ̀ bóyá sárésáré ni ẹni tí èsì rẹ̀ wà níwájú òun, àbí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, torí pé kò sí àyè kankan lórí fọ́ọ̀mù tí a ti lè kọ ọ́. Ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, nọ́ńbà fóònù: ó parí.

Ní wákàtí tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, òdìkejì rẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Omi ti bá òógùn lọ, omi mìíràn ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú iṣan tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó kù á sì ki. PCV á gòkè, hemoglobin á gòkè, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo kò tíì kún un. Ibi tí mo ti bá láàbù yìí jà gan-an nìyí. Ìwé ìpolówó wọn ní kí a máa bọ̀ tààrà láti pápá ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn á sì dín owó kù fún ẹni tó bá ṣì wọ aṣọ eré. Mo gbà pé ọgbọ́n ọjà ni, ṣùgbọ́n kò sí àkókò tó burú jùyẹn lọ fún àyẹ̀wò irin.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń sáré gba ìpolówó náà gbọ́. Òógùn kò tíì gbẹ lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kan ọwọ́ rẹ̀, kò sì tíì fẹnu kan omi. Èsì jáde: hemoglobin 13.2, ferritin 40, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò sí wàhálà. Síbẹ̀ ó ń rẹ̀ ẹ́, àtẹ̀gùn ilé tirẹ̀ gan-an ń mú un mí gúlegúle. Mo rọ̀ ọ́ pé kó sinmi eré fún ọjọ́ mélòó kan, kó mu omi dáadáa, kó padà lọ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Hemoglobin wá di 12.3, ferritin di 31. Láàbù kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni, obìnrin kan náà sì ni. Kò sí irọ́ nínú èsì méjèèjì. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í ló yàtọ̀.

Ferritin kò sì fi ti omi nìkan ṣe. Ó wà lára àwọn èròjà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí iṣan bá fara gbọgbẹ́ tàbí tí ara bá ń bá àìsàn jà, nítorí náà eré gígùn lè gbé e sókè fún ọjọ́ mélòó kan, ibà náà sì lè gbé e sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi la ìwọ̀n méjì sílẹ̀ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020: fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ferritin tó bá wà lábẹ́ máíkírógíráàmù 15 nínú lítà kan ni wọ́n ń pè ní àìtó irin, fún àgbàlagbà tí àìsàn wà lára rẹ̀, ohun tó bá wà lábẹ́ 70 ni. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ti fẹ̀ tó. Ìwé èsì láàbù yìí kàn tẹ 15 sí 150 síwájú orúkọ gbogbo obìnrin gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ferritin tó dára, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ibà tán ni o, bóyá ó ti orí ìdárayá bọ̀ ni o. Ọ̀pọ̀ dókítà eré ìdárayá kò sì ní fọwọ́ lẹ́rán wo 31 ọ̀rẹ́ mi, torí pé nǹkan bí 35 ni wọ́n ti ń kíyè sí ẹni tó ń sáré gidigidi.

Ògiri yàrá tí a ti ń dúró ni mo ti rí ohun tó tún bí mi nínú díẹ̀. Wọ́n lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ ọn, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé bí ooru bá mú ènìyàn làágùn, irin ara rẹ̀ ń dà nù ni, kó yáa ra blood tonic lọ́dọ̀ àwọn kó tó kúrò níbẹ̀. Ìdá òtítọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kéré. Lóòótọ́, irin wà nínú òógùn, ṣùgbọ́n kì í sábà tó mílígíráàmù 0.5 nínú lítà òógùn kan, ó sì máa ń dín kù bí ènìyàn bá ti ń làágùn pẹ́ sí i. Ara tiwa ń tún irin tó tó mílígíráàmù 20 sí 25 lò lójoojúmọ́ láti inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gbó, èyí tó sì ń gbà wọlé láti inú oúnjẹ kò ju mílígíráàmù 1 sí 2 lọ. Nítorí náà òógùn kì í ṣe òfo pátápátá fún ẹni tó ń sáré lójoojúmọ́ nínú oòrùn Èkó, pàápàá bó bá jẹ́ obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni olórí ọ̀tá tí wọ́n fi í ṣe lára ògiri.

Ohun tí ooru ń ṣe nínú ara ló yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ènìyàn bá ń sáré gidi, ooru inú ara rẹ̀ lè gòkè kọjá 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ kan díẹ̀ nítorí iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe, ara sẹ́ẹ̀lì pupa á sì di ẹlẹgẹ́. Àwọn tó ti gbó nínú wọn, tí wọ́n ti sún mọ́ 120 ọjọ́ tí wọ́n fi ń wà láàyè, á fọ́. Ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀ á tún wá fọ́ mìíràn nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀. Láti 1881 ni dókítà ará Jámánì kan, Fleischer, ti kọ̀wé nípa sójà kan tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú lẹ́yìn ìrìn gígùn, hemoglobin tó tú jáde nínú sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ ló sì fà á. Afárá Third Mainland tí eré Èkó máa ń gbà kọjá kò rọ̀ ju ọ̀nà tí sójà yẹn rìn lọ. Síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ lára ọ̀pọ̀ sárésáré, ara kì í sì í jẹ́ kí irin inú wọn ṣòfò: èròjà kan tó ń jẹ́ haptoglobin máa ń di hemoglobin tó tú jáde mú, á sì kó o lọ sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀. Ìgbà tó bá pọ̀ ju ohun tí haptoglobin lè gbé lọ ni ìtọ̀ ń yí àwọ̀ padà. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ lẹ́yìn eré, ilé ìwòsàn ni kó lọ kíákíá, torí pé nǹkan mìíràn tó burú jùyẹn lọ náà lè fà á, àwọn kíndìnrín ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

Níbi ọ̀ràn oògùn irin, mo rò pé láàbù yìí ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, bí ọkàn wọn tilẹ̀ mọ́. Ẹni tí ferritin rẹ̀ bá kéré, ohun tí wọ́n máa ń kọ fún un ni irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ọ̀nà àtijọ́ nìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí a wà yìí ni àwọn onímọ̀ tó rí hepcidin, èròjà kékeré kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tó ń dí ọ̀nà tí irin ń gbà láti inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí hepcidin bá gòkè, irin tí ènìyàn jẹ tàbí tó gbé mì á dúró sínú ìfun, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Eré tó le ń gbé e sókè, ó sì máa ń ga jù láàárín wákàtí 3 sí 6 lẹ́yìn tí eré bá parí. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Western Australia wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ jù lórí èyí. Oògùn irin fúnra rẹ̀ tún ń gbé e sókè. Iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Zurich, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, fi hàn pé àwọn obìnrin tí irin wọn kéré gba irin tó pọ̀ jù nígbà tí wọ́n ń lo oògùn lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ kan, tí wọ́n sì ń fo ọjọ́ kejì, ju ìgbà tí wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́ lọ. Ẹni tó sáré ní òwúrọ̀, tó wá gbé oògùn mì ní ọ̀sán gangan nígbà tí hepcidin rẹ̀ ga jù, inú rírun àti ìgbẹ́ dúdú nìkan ló lè rí gbà nínú owó rẹ̀. Òwúrọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tàbí ní kété tí eré òwúrọ̀ bá parí, ló sàn jù, pẹ̀lú ọsàn tàbí èso mìíràn tó kan, kí tíì àti kọfí sì jìnnà sí i. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á níbẹ̀ bóyá ó máa ń sọ èyí fún àwọn oníbàárà. Ó ní, "Àǹtí, ohun tó wà lára páálí la máa ń sọ."

Kò sì yẹ kí wọ́n máa ta á fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, tó ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, lè jẹ́ pé irin tó pọ̀ jù ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe èyí tó kéré, bí PCV rẹ̀ tilẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tí aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí tí oògùn ìrora tó ń lò kí ó lè sáré ti ń mú kí ìfun rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò lo irin títí láìrí ìyàtọ̀. Mílíìkì àti malt tí a máa ń pò pọ̀ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré kò yàtọ̀ sí ìmúnú-dùn nínú ọ̀ràn yìí, torí pé kálísíọ̀mù inú mílíìkì tilẹ̀ ń dènà irin; ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹran pupa, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí a fi ata àti tòmátì sè ló ní nǹkan nínú.

Ní ti owó, kò wọ́n ju ti àwọn láàbù ńlá lọ, bí a bá ro ti ferritin mọ́ ọn. Èsì máa ń dé sórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí mọ́ rekete, nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo pè é. Obìnrin tó gbé e jẹ́ ọ̀gá, ó gbọ́ mi títí dé òpin, ó sì ní àwọn yóò fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù nípa eré ìdárayá àti ibà. Ìlà náà kò tíì sí níbẹ̀ nígbà tí mo ń kọ èyí.

Mo ṣì máa ń rán àwọn tí a jọ ń sáré lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀. Kí wọ́n má lọ ní òwúrọ̀ Sátidé. Kí wọ́n sinmi eré tó le fún ọjọ́ kan ó kéré tán, kí ó jù bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ eré gígùn ni wọ́n sá, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n dé ibẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n sì máa lọ ní irú wákàtí kan náà nígbà gbogbo kí èsì wọn lè ṣeé fi wéra. Ẹni tí ibà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, kó ní sùúrù díẹ̀ ná. Kí wọ́n sì béèrè fún CRP pẹ̀lú ferritin, torí pé òun ni yóò sọ bóyá ara ń bá nǹkan kan jà nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Láàbù yìí ń ṣe CRP, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí nínú àkójọ náà, wọn kì í sì í mẹ́nu kàn án àfi bí ènìyàn bá fẹnu ara rẹ̀ béèrè.